Ìyàwó Tó Pe Ọkọ Ilé Lórúkọ

Ọsàn mẹ́rin tí Afusat fi pamọ́ sínú abọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìyá ọkọ rẹ̀ kó jáde fún àwọn àáfà ní àárọ̀ ọjọ́ ìkómọ. Ó bó wọn dáadáa, ó là wọ́n, ó tò wọ́n sínú àwo. Nígbà tí Afusat fi máa ti ìdí iná wọlé, èèpo àti kóró ló kù.

"Màámi, ọsàn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ńkọ́?"

"Àwọn àáfà ti jẹ ẹ́." Alhaja Àṣàbí kò tilẹ̀ yíjú. "Ọsàn wo ló ń jẹ́ tìẹ nínú ilé tí wọ́n ti ń kómọ? Sọ pé àlùbáríkà."

"Ohun tí mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ni, Màámi. Òní ni wọ́n ń bọ̀ wá wò mí ní kíláàsì."

"Ẹn-ẹ́n. Òní náà ni wọ́n ń sọ ọmọ Mariyah lórúkọ. Ọmọ tí Ọlọ́run fún wa àti ọsàn, èwo ló tóbi jù?"

Afusat padà sí ìdí iná lọ ro ìrẹsì.

Ilé yìí fẹ́ràn ìwé o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe purọ́ mọ́ wọn. Bí àlejò bá gba Apọ́ngbọ̀n wá, tó wọ ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò ní tíì jókòó tí wọ́n á fi àwòrán Kàsímù hàn án, èyí tó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ àti fìlà onígun mẹ́rin, tó di ìwé-ẹ̀rí mú bí ẹni di ọmọ tuntun mú. Kàsímù ni àbíkẹ́yìn Alhaja Àṣàbí, olùkọ́ sì ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. "Ìmọ́lẹ̀ ilé wa rèé," ni wọ́n máa ń wí. Ẹnu wọn ń yin ìwé, ọkàn wọn sì jìnnà sí i bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ayé, torí pé bí obìnrin tó ti bímọ bá di ìwé mú nínú ilé kan náà, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé ta ló fẹ́ dáná.

Obìnrin náà ni Afusat, ìyàwó Ṣàíbù, ẹ̀gbọ́n Kàsímù. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, òun ni ìyá Haneefah àti Yaqub. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní gbogbo Sátidé, láàárín àwọn ọmọ tí ó lè fi ọ̀já pọ̀n, láti gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà. Ìdánwò gbogbo ti parí. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ẹni tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rán wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó wò ó bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní òpópónà kejì sí ilé wọn, kó sì fún un ní máàkì. Òní ni ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Bí wọn kò bá wò ó lónìí, ó di ọdún tó ń bọ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ni náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kọ́lẹ́ẹ̀jì sì yan fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Kàsímù.

Ẹ má rò pé oríire ni. Nígbà tí Afusat wọlé ọkọ, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni Kàsímù, Afusat ló ń fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Kò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ, kò sì gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọdún mọ́kànlá, "Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé" ni Afusat ń pe Kàsímù nílé. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, "sà" ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, àní nígbà tí kò sí ẹnì kankan nítòsí.

Ìyàwó ilé kò ju méjì lọ ní agboolé náà, Mariyah, ìyàwó àbúrò Ṣàíbù kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sì ni ìkejì. Ọlọ́mọ tuntun kì í dáná. Afusat ti dábàá pé kí wọ́n gbé oúnjẹ náà fún obìnrin tó ń se oúnjẹ àríyá ní ìsàlẹ̀ òpópónà, ṣùgbọ́n Alhaja Àṣàbí ní oúnjẹ ìkómọ tí ọwọ́ ìyàwó ilé kò bá kàn, àlùbáríkà rẹ̀ ti bọ́. Nítorí náà, láti ìgbà tí wọ́n ti kírun àsùbáà tán, Afusat nìkan ló wà nídìí ìkòkò mẹ́ta. Ìwé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wà lórí odó tó dojú dé, èéfín ń bá a kà á.

Ìyá Jímọ̀, aládùúgbò wọn, wá bá a gé àlùbọ́sà. Ìrànlọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀bẹ lọ.

"Ṣé òótọ́ ni pé wàá lọ lónìí?"

"Màá lọ, Ìyá Jímọ̀."

"Háà! Kí lo fẹ́ fi ṣe gan-an? Ọkọ wà, ọmọ wà. Àwọn tó ti gbà á tán, ṣebí wọ́n wà ní Tinúbú tí wọ́n ń ta káàdì fóònù."

"Èmi náà á lọ dúró tì wọ́n nígbà náà."

"Wo ẹnu ẹ! Ìwé ti ń gùn ọ́ o." Ìyá Jímọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Àlùbọ́sà ni o. Kó o má lọ rò pé ìwọ ni mò ń sunkún fún."

Ní àgbàlá, lábẹ́ tápólì, Kàsímù jókòó sórí àga kan, ó na ẹsẹ̀ sórí èkejì.

"Ìyàwó!" ó pè. "Òórùn ọbẹ̀ yìí ti dé Apọ́ngbọ̀n. Bí ẹran bá ti rọ̀, o ti yege nìyẹn."

Àwọn tó wà lábẹ́ tápólì bú sẹ́rìn-ín. Afusat wá, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́. Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí wa."

"Ta ló kọ ọ́? Èmi ni. Ẹni tó kọ ọ́ ló ń sọ fún ẹ pé kó o farabalẹ̀. Jẹ́ kí n jẹun ná. Ta ló ń fi ebi wo tíṣà?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àáfà kan rẹ́rìn-ín títí ọsàn fi há a lọ́fun.

Kí aago tó lu mẹ́sàn-án, ìrẹsì ti jinná, ọbẹ̀ ti wà nílẹ̀, mọ́ínmọ́ín ti wà nínú kúlà. Afusat sáré wẹ̀. Èéfín kò tán lára rẹ̀, ó fi híjàábù bò ó. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó wá dúró níwájú ìyá ọkọ.

"Màámi, mo ti ṣe tán. Mo fẹ́ máa lọ."

"Ta ló máa bu oúnjẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n Mariyah wà níbẹ̀. Ó ní òun máa bù ú."

"Ẹ̀gbọ́n Mariyah ni ìyàwó ilé?" Alhaja Àṣàbí yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣàíbù, ṣé ò ń gbọ́ ìyàwó ẹ?"

Bàtà ni Ṣàíbù ń tà lẹ́bàá Apọ́ngbọ̀n. Níbẹ̀, oníbàárà kì í ná ọjà tán kó tó gbọ́ pé, "Ìyàwó mi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Mà." Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun náà ń jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì wo fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fóònù kò dún.

"Bàbá Haneefah," ni Afusat wí, "ẹ sọ̀rọ̀."

"Ṣé o ò lè bù ú kó o tó lọ ni?" ni Ṣàíbù sọ fún fóònù.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ ní ìkómọ Ìsàlẹ̀ Èkó, àṣálẹ́ ló máa dìde. Afusat mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣàíbù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohùn Mariyah ló ti ẹ̀yìn kọ́tìnnì jáde. "Ìyálé mi, ẹ máa lọ jàre! Ọmọ mi ò ní kọ orúkọ torí pé ẹ ò bu ìrẹsì!"

Afusat kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ, ó dìde, ó sì jáde. Kò bu ṣíbí kan fún ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ ohùn Alhaja lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ bá mi wò ó o! Ó ń lọ! Lójú àwọn àáfà, ó ń lọ!" Ó gbọ́ èyí tí Ìyá Jímọ̀ fi gbè é: "Mo ti wí i." Kò wẹ̀yìn.

Ó ra búrẹ́dì kan lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ dípò ọsàn. Ìyáàfin Ọpẹ́yẹmí, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, wà lórí àga rẹ̀ nítòsí géètì, níbi tó máa ń jókòó sí nítorí atẹ́gùn. Àgbàlagbà tó sún mọ́ ìfẹ̀yìntì ni, orin ìyìn kì í kúrò létè rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Haneefah. Àlejò wa ńkọ́?"

"Wọ́n ń bọ̀, Mà."

Aago mẹ́wàá kọjá. Afusat ya búrẹ́dì sí ojú pátákó, ó pín in sí méjì, ó pín in sí mẹ́rin, ó nù ún, ó tún un yà. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ń wo búrẹ́dì gidi tó wà lórí tábìlì. "Tíṣà, ṣé a máa jẹ ẹ́ ni?" Ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n lọ ṣeré, wọ́n dé, oòrùn ti mú. Àga tó wà lẹ́yìn kíláàsì kò rí ẹni jókòó sí i.

Nígbà tó di pé ọjọ́ ti ń lọ, Ìyáàfin Ọpẹ́yẹmí wọlé wá. "Ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀."

Afusat fún un. Ìyáàfin náà pè é, ó sì jẹ́ kí fóònù sọ̀rọ̀ sókè kí Afusat lè gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé-ẹ̀kọ́ wa là ń retí yín."

"Ilé-ẹ̀kọ́ yín kẹ̀?" Ohùn Kàsímù wúwo, bí ohùn ẹni tí nǹkan kún lẹ́nu. "Mo ti wá, Mà. Mo ti débẹ̀ láàárọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ò sí ní kíláàsì. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò bá a. Òfo ni mo fún un."

Afusat di etí tábìlì mú.

"Ẹ ti wá?" ni Ìyáàfin Ọpẹ́yẹmí wí pẹ̀lẹ́. "Iwájú mi ni ẹni tó bá wọlé ń gbà, sà. Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbẹ̀."

"Bóyá ẹ ò kíyè sí mi ni, Mà."

Láti inú fóònù náà ni ohùn kan ti ń bọ̀ lókèèrè, ohùn tí Afusat mọ̀ ju ohùn ara rẹ̀ lọ: "Ẹ bu ẹran kún ti Kàsímù! Ẹ bù ú kún un, òun ló gbé wa ga!"

Ọdún mẹ́ta. Gbogbo Sátidé tí ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnu aráyé. Ẹran náà, òun ló sè é. Iyọ̀ inú rẹ̀, òun ló tọ́ ọ wò. Afusat sún mọ́ fóònù náà.

"Kàsímù," ó ní, "irọ́ lo ń pa. O ò wá. Orí àga lo wà, ò ń jẹ ẹran tí mo sè."

Nílé, ọwọ́ ọ̀tún Kàsímù wà nínú ọbẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Kí òróró má bàa kan fóònù, ọmọ ìka ọwọ́ òsì ló fi tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sórí àpótí, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ sókè. Ó fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe òun ní sà. Wọ́n gbọ́. Orúkọ rẹ̀ já sí àárín àgbàlá láti ẹnu ìyàwó ilé, àáfà gbé ìrẹsì dúró lẹ́nu, Ìyá Jímọ̀ sì fi ọwọ́ méjèèjì di àyà. Bí irọ́ bá fi ogún ọdún sáré, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ fi ń bá a. Èyí tilẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní kíláàsì, Ìyáàfin Ọpẹ́yẹmí fa fóònù rẹ̀ mọ́ra. "Sà, mo ń gbọ́ ariwo àwo. Bí ẹ bá ti fọ ọwọ́ tán, géètì wa ṣí sílẹ̀. Bí ẹ kò bá sì lè wá, èmi náà mọ ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá yín. Ọlọ́run tó gbọ́ ohun tí ẹ sọ, èmi náà gbọ́ ọ."

Kò pẹ́ rárá tí Kàsímù fi dé. Òpópónà kejì ni. Ọbẹ̀ ń rùn lára rẹ̀, àmì òróró kan wà lápá aṣọ funfun rẹ̀. Ìyáàfin Ọpẹ́yẹmí ti fi àga ńlá ẹ̀yìn kíláàsì jókòó, pẹ̀lú bírò tirẹ̀ lọ́wọ́, bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé ló kù. Kàsímù jókòó sórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Kò wo ojú Afusat. Afusat náà kò wo tirẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó la búrẹ́dì náà.

"Mo pín in sí mẹ́rin. Kí là ń pe ẹyọ kan?"

"Ìdámẹ́rin!"

"Ẹni mẹ́rin ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹnì kan ti mú ìdajì lọ. Báwo la ṣe máa pín èyí tó kù fún àwọn mẹ́ta?"

Ọmọbìnrin kan tó káyín iwájú na ọwọ́ sókè. "Tíṣà, kí a kọ́kọ́ lọ gba tiwa lọ́wọ́ ẹni yẹn ná!"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Ọpẹ́yẹmí fi gèlè nu ojú. Afusat náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní, "Ó dáa. Wá fi hàn wá bí a ṣe máa gbà á," ọmọ náà sì wá sí iwájú pátákó, ó pín in, ó sì pín in re. Títí agogo fi lù, kò sí ọmọ tó sùn, kò sí èyí tó bèèrè ilé ìtọ̀. Wọ́n jẹ búrẹ́dì náà níkẹyìn, olúkúlùkù ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Kàsímù kọ máàkì sílẹ̀. Ìyáàfin Ọpẹ́yẹmí gbà á, ó kà á, ó gbé ojú sókè wò ó, ó sì dá a padà fún un láìsọ̀rọ̀. Kàsímù tún un kọ. Ní ìgbà kejì yìí, ìyáàfin náà fọwọ́ sí i.

"Ìyá Haneefah," ó ní, "ẹ kú oríire. Ẹ ti di tíṣà."

"Alhamdulilahi," ni Afusat wí.

Nígbà tó délé, àlejò ti lọ. Ìkòkò mẹ́ta àti gbogbo àwo wà láàárín àgbàlá bí wọ́n ṣe jẹun sí wọn, eṣinṣin ń ṣe ìkómọ tiwọn lórí wọn. Alhaja Àṣàbí jókòó. Alhaji Ubaydullah, olórí ẹbí, jókòó. Ṣàíbù dúró ti ògiri. Kàsímù ti dé ṣáájú, ó ń fi igi tayín. Orí Ìyá Jímọ̀ wà lókè ògiri, kò sì ṣe bí ẹni pé aṣọ ni òun ń sá.

Afusat kúnlẹ̀, ó kí wọn. Kò sí ẹni tó bi í pé báwo ni ìdánwò.

"Afusat," ni Alhaja Àṣàbí bẹ̀rẹ̀, "ọdún mélòó lo ti wọ ilé yìí?"

"Mọ́kànlá, Màámi."

"Ṣé o gbọ́ kí n pe àbúrò ọkọ mi kan lórúkọ rí? Èyí tó ti kú gan-an, Arẹwà ni mo ṣì ń pè é tí mo bá ń ṣàdúrà fún un."

"N kò gbọ́ ọ rí, Màámi."

"Ó dáa. Lójú àwọn àáfà, lọ́jọ́ tí a ń sọ ọmọ tuntun lórúkọ, ìwọ fi orúkọ ọkọ ẹ nulẹ̀! O ní 'o' fún un! Bí ẹni ń bá ọmọ tó ń kiri ọjà sọ̀rọ̀!"

"Tó bá jẹ́ tèmi ni," ni Ìyá Jímọ̀ wí lórí ògiri, "ilẹ̀ ni ǹ bá wọ̀."

Alhaji Ubaydullah wúkọ́. "Ṣùgbọ́n, Àṣàbí, mo wà níbẹ̀ o. Mo gbọ́ tí Kàsímù ní òun ti dé ilé-ẹ̀kọ́ náà. Orí àga yìí sì lèmi àti ẹ̀..."

Kò sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì. Igi ìtayín dúró lẹ́nu Kàsímù.

"Alhaji, ìyẹn kọ́ là ń sọ," ni Alhaja Àṣàbí wí.

"Àbí?" ni Alhaji wí, ó sì dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ o. Ẹran ló há a léyín.

Ṣàíbù kúrò lára ògiri díẹ̀. "Afusat, bẹ̀ wọ́n, kó tán. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Kí ni kí n máa sọ fún àwọn èèyàn?"

"Ẹ máa sọ fún wọn pé ìyàwó yín wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì," ni Afusat dá a lóhùn. "Bí ẹ ṣe máa ń sọ fún àwọn oníbàárà."

Ṣàíbù padà sára ògiri. Láti yàrá Mariyah, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín tí ẹnì kan fi aṣọ dí mọ́nu.

"Ṣé ẹ rí i?" Alhaja Àṣàbí na ọwọ́. "Ṣé ẹ rí ohun tí ìwé ti sọ ọ́ dà? Sún síwájú! Bẹ ọkọ ẹ lójú wa níbí, kí oorun tó kun ẹnikẹ́ni."

Afusat fi eékún sún síwájú. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó tẹ orí ba, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò kúnlẹ̀ tán.

"Màámi, ẹ má bínú. Alhaji, ẹ forí jì mí. Mo ti ṣẹ̀."

Alhaja Àṣàbí mi orí. Ṣàíbù mí kanlẹ̀. Kàsímù gbé àyà jáde, ó ń retí ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀.

"Ẹ bá mi bẹ Kàsímù."

"Mà?" ni Kàsímù dáhùn, kó tó rántí pé òun ni ọkọ ilé.